Obìnrin Tó Wá Ka Ọjọ́ Orí Ilé Vellenbeck

Nígbà tí Wiebke Tönnesmann kọ́kọ́ fojú kan Levin von Vellenbeck, inú omi ni ọkùnrin náà wà, tòun ti kóòtù tòun ti táì, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtàn.

Ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù Kẹrin ni. Àwọn arúgbó bí ọgbọ̀n wọ bọ́ọ̀sì wá láti Münster láti wo ilé olódi Vellenbeck, Levin sì kó wọn dúró sórí afárá, níbi tí irin ìgbọ́wọ́lé ti já láti ọjọ́ pípẹ́. "Láti ọdún 1309 tí baba ńlá mi, Gerd Apá-Irin, ti kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn," ló ń wí, "ọ̀tá kankan ò sọdá yàrà omi yìí rí." Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀ kó lè nawọ́ sí ṣóńṣó ilé ìṣọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀ tì. Gbàmù!

Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà lára ohun tí àwọn sanwó fún. Levin, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, kò fẹ́ já wọn kulẹ̀. Ó tu ewé omi jáde lẹ́nu, ó ní, "Bí ẹ ti ń wò ó yìí, ẹni tó bá kó sínú ẹ̀, tiẹ̀ ti tán."

"Ẹ dìde dúró, sà," ohùn obìnrin kan wí láti orí afárá.

"Mi ò lè dìde, mà. Omi náà jìn."

"Ẹ ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò."

Levin dìde. Omi náà kò dé àárín itan rẹ̀. Ẹ̀rín bú sórí afárá, ìyá àgbà kan sì ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọ̀tá tó bá fẹ́ kọjá," ni obìnrin náà wí, "kó ṣáà ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè."

Levin gbójú sókè. Ó rí obìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, tí irun orí rẹ̀ pọ́n bí ọkà àlìkámà tó gbó, àpótí irinṣẹ́ wà ní èjìká rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé, àmọ́ ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Levin gbàgbé pé omi wà nínú bàtà òun.

"Ta ni kí n pè yín, mà?"

"Wiebke Tönnesmann. Èmi ni wọ́n ní kí n wá yẹ àwọn igi ilé yín wò."

Levin gun orí afárá padà, ó na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rí i pé ewé omi ló kún ọwọ́ òun, ó fà á padà, ó nù ún mọ́ kóòtù tó tún rin ju ọwọ́ lọ. Wiebke tẹ̀ síwájú, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Iṣẹ́ tí Wiebke wá ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Igi a máa fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún: ọdún ọ̀dá, òrùka tín-ín-rín, ọdún òjò, òrùka gbòòrò. Wiebke á fi ẹ̀rọ lu ihò tóóró sí ìtì igi àtijọ́, á fa ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi kálámù jáde, á ka òrùka rẹ̀, á sì sọ ọdún tí wọ́n gé igi náà fún ọ. Wọ́n ń bọ̀ wá tún òrùlé ilé ìṣọ́ Vellenbeck ṣe, ìjọba sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó ni ìpinnu nínú ilé náà kì í ṣe Levin. Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Adelgunde, ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kúrú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Levin wà nígbà tí baba rẹ̀ kú, láti ìgbà náà, ọgbọ̀n ọdún gbáko, òun nìkan ló di ilé náà mú kó má baà wó sínú ẹrẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó fẹ́ ṣe ayẹyẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún ilé ìṣọ́ náà. Ó ti pe bíṣọ́ọ̀bù. Ó ti pe ọ̀ọ́dúnrún àlejò. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ "1309" sára òkúta tó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ẹ máa lu igi yín," ló sọ fún Wiebke. "Ẹ kàn má pẹ́ débi ayẹyẹ wa."

Báyìí ni Wiebke bẹ̀rẹ̀ sí í gun ilé ìṣọ́ lójoojúmọ́, Levin sì ń bá a gbé àkàbà tí kò wúwo tó ohun tí ọkùnrin kan ń bá èèyàn gbé. Ilé ìṣọ́ náà jẹ́ òkúta nísàlẹ̀, bíríkì pupa lókè, òrùlé rẹ̀ sì rí bí àlùbọ́sà tí wọ́n dojú ìdí rẹ̀ kọlẹ̀.

"Ẹ wo bí àtẹ̀gùn yìí ṣe lọ́," ni Levin wí fún un. "Ọ̀tá tó bá ń gòkè bọ̀, ògiri á dí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, kò ní lè ju idà. Àwa tá a wà lókè, ọwọ́ tiwa á sì wà ní gbayawu."

"Tí onílé bá wá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ńkọ́?"

Levin wo bírò tó wà lọ́wọ́ òsì ara rẹ̀. "A kì í sọ ìyẹn fáwọn àlejò."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n wà lábẹ́ òrùlé pátápátá, níbi tí ìtì igi ti dábùú ara wọn bí ìka ọwọ́ tí wọ́n há pọ̀. Levin ń sọ̀rọ̀, ó ń wo Wiebke, kò wo iwájú.

"Tẹ orí ẹ ba!" Wiebke kígbe.

Pàá!

Levin jókòó sílẹ̀. Wiebke sáré bá a, ó fi áńkáṣíìfù di iwájú orí rẹ̀, ojú wá tì í lójijì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo pè yín ní ìwọ."

"Ó ti wọ̀ mí létí. Mi ò dá a padà."

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí yín, ẹ̀ ń ṣàwàdà."

"Tún un pè."

Wiebke fa áńkáṣíìfù náà le díẹ̀. "Levin. Orí ẹ ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Háà," ni Levin wí, ó sì di ojú. "Ó dùn ún gbọ́."

Nílé ìdáná, Änne, ìyá alásè tó ti ń dáná fún ilé náà kí wọ́n tó bí Levin, lẹ oògùn mọ́ ọn lórí, ó sì ń mi orí tirẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lo ti forí gbá igi. Ṣé igi lò ń wò lókè ọ̀hún ni, àbí ẹni tó ń wo igi?"

"Änne, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ? Mo kàn bèèrè ni. Tóò, gbé páńkéèkì yìí lọ fún un, mo fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ púpọ̀ sí i. Ẹni tó ń gun òkè tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ẹyẹ."

Nígbà tí ásípárágọ́ọ̀sì, ewébẹ̀ funfun tó rí bí ọ̀pá tí wọ́n máa ń jẹ lóṣù Karùn-ún, dé, àwọn méjèèjì a máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti ẹran lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ibẹ̀ ni Wiebke ti sọ fún un pé baba òun ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Emden, pé orí pákó tó ń mì ni òun ti kọ́ ìrìn.

"Ilé tó wà láàárín omi kò bà ẹ́ lẹ́rù nígbà náà?" ni Levin bi í.

"Ilé ò bà mí lẹ́rù. Ìyá ẹ ló ń bà mí lẹ́rù."

"Èmi náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi kan ara wọn. Ẹ̀rín tán, èjìká ò kúrò. Levin ní, "Gbogbo ẹni tó bá wá síbí, ohun tí wọ́n bá ti gbọ́ ni wọ́n máa ń wò. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wo ilé yìí bó ṣe rí."

"Ó rẹwà," ni Wiebke wí. "Ó tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó rẹwà."

"Ilé lò ń wí?"

"Mi ò tíì pinnu." Ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu kó má baà rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Ní àárín oṣù Kẹfà, èsì igi jáde. Wiebke kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó pẹ́ kó tó mú ìwé náà wọ yàrá oúnjẹ, níbi tí ìyá àti ọmọ ti ń jẹ páńkéèkì.

"Ìgbà òtútù ọdún 1546 ni wọ́n gé gbogbo igi ilé ìṣọ́ yín, mà. Ọdún 1547 ni wọ́n kọ́ ọ."

Ìyáàfin Adelgunde gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ọdún 1309 ni, ọmọbìnrin."

"Igi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Igi yín ò lọ sílé ìwé. Láti orí ilé ìṣọ́ yẹn ni Gerd Apá-Irin ti lé igba ọmọ ogun lọ!"

"Tí wọ́n bá máa fi kọ́ ọ, Gerd á ti lo ju igba ọdún lọ nínú sàréè, mà." Wiebke gbé ìwé kejì jáde. "Èyí tó tiẹ̀ le jù nìyí. Òpó igi óákù tí wọ́n gún mọ́ ẹrẹ̀ ni ilé ìṣọ́ náà dúró lé. Bí omi bá bo orí wọn, wọn ò ní jẹrà láéláé. Àmọ́ omi yàrà ti fà, afẹ́fẹ́ ti ń kan orí òpó. Ilé ìṣọ́ ti ń tẹ̀."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi tó sé yàrà, kí omi má baà wọ àjà ilẹ̀ tí mo kó wáìnì ayẹyẹ sí. Ẹ fẹ́ kọ́ mi ní ilé mi?" Ìyá náà dìde. "Òpùrọ́ kò jókòó nídìí tábìlì yìí rí. Ẹ kó irinṣẹ́ yín."

Wiebke wo Levin. Levin wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Orí afárá ni Levin ti sáré bá a. "Wiebke, dúró! Ṣé a ò kàn lè sinmi ọ̀rọ̀ ọdún yìí títí ayẹyẹ á fi kọjá? Ìyá mi ti dàgbà."

"Ayẹyẹ lè dúró. Òpó ò lè dúró." Ó kọjú sí i. "Wọ́n pè mí ní òpùrọ́ lójú ẹ, Levin, o sì ń jẹ páńkéèkì."

"Ẹyọ kan péré ni mo jẹ."

"Mẹ́ta lo jẹ. Mo kà á. Iṣẹ́ mi ni."

Ó lọ. Levin dúró sórí afárá títí Änne fi wá fa kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn. Änne kò bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi se ọbẹ̀ ẹ̀wà tí kò ní iyọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kẹrin, Levin sọ̀ kalẹ̀ síbi ilẹ̀kùn omi, ó fi pákó tuntun dí i pa. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, omi ti gun yàrà, ó ti bo orí òpó, ó sì ti wọ àjà ilẹ̀. Ìgò wáìnì ń léfòó kiri bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, Änne sì ń fi apẹ̀rẹ̀ pa wọ́n lẹ́ja.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn omi?" ìyá rẹ̀ kígbe.

"Èmi ni, Màmá."

"Mo ní kó wà ní ṣíṣí!"

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Mo tì í ni."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ìyá náà ti bí ọmọ yìí, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, Änne fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Levin tún kó sínú àpótí ìwé àtijọ́, ó ń wá bóyá òun á rí ohun kan tí yóò mú ìyá òun àti Wiebke rẹ́. Lábẹ́ àpótí kẹta ló ti rí lẹ́tà kan, tí opó kan tó ń jẹ́ Jutta kọ sí àbúrò rẹ̀ lọ́dún 1547, tó dà bíi pé kò rán an rárá. Levin kà á, ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Màmá, lọ́dún 1547," ìyá rẹ̀ á dìde kúrò ní yàrá. Ó wá ń fi lẹ́tà náà rìn nínú àpò kóòtù, ó ń retí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde.

Ọjọ́ náà dé. Ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni. Àlejò ti kún ọgbà, bíṣọ́ọ̀bù ti jókòó, àwọn onífèrè abúlé sì ti ń da itọ́ jáde nínú fèrè wọn. Ara ilé ìṣọ́ náà ni yàrá kékeré kan wà, tó yọ síta lórí omi bí agbọ̀n tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Ilé ìgbẹ́ àwọn ará àtijọ́ ni. Ìyáàfin Adelgunde ti sọ ọ́ di ibi tó ti ń múra, nítorí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún dígí. Àárọ̀ yẹn ló wọlé lọ de fìlà rẹ̀. Orí òpó kan tó ti jẹrà kí omi tó padà bò ó ló fọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ilé ìṣọ́ náà rọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, férémù sì di ilẹ̀kùn náà mú pinpin.

Levin tẹ Wiebke láago. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà.

"Wiebke, má gé fóònù. Màmá há."

"Sí ibo?"

"Sínú ilé ìgbẹ́ àtijọ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí." Ó gbọ́ ohùn kan. "Ṣé ẹ̀rín lò ń rín?"

"Ayùn ni mò ń wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èjìká gbá ilẹ̀kùn yẹn. Òun ló gbé ògiri dúró báyìí."

Láàárín ìdajì wákàtí, Wiebke ti dé, ó ń gbé òpó irin ró sábẹ́ àtẹ́rígbà.

"Ta nìyẹn?" ohùn bú láti inú.

"Èmi òpùrọ́ ni, mà."

"Ṣé ilé ìṣọ́ mi ń wó?"

"Kò ní wó lónìí, mà. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sáárín gbùngbùn."

"Ibi tó wà fún jíjókòó níbí, mi ò fẹ́ sọ ọ́ síta."

Wiebke ń rẹ́ férémù náà díẹ̀díẹ̀, kò sì yára. Levin mọ̀ pé àsìkò tó. Ó yọ lẹ́tà náà. "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí Jutta von Vellenbeck kọ lọ́dún 1547. Ẹ ò lè dìde lọ."

"Levin!"

Ó ń kà á lọ: "Àbúrò mi, ilé tí ìdílé ọkọ mi ń fi yangàn ti rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ mi kú, àwọn arákùnrin rẹ̀ ní kí n kó lọ sílé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ, pé obìnrin kì í kọ́lé. Mo ra óákù. Mo dúró ti àwọn tó ń gún òpó mọ́ ẹrẹ̀ nínú òjò fún oṣù mẹ́rin. Ilé ìṣọ́ mi ti parí lónìí. Wọ́n ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé Gerd ló kọ́ ọ. Jẹ́ kí wọ́n máa wí. Èmi ni mo mọ bí òjò yẹn ṣe tutù tó."

Ayùn Wiebke dúró. Lẹ́yìn náà, ohùn kan wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kéré ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ.

"Nígbà tí baba ẹ kú, èmi náà gun òrùlé yìí nínú òjò. Àwọn àbúrò ẹ̀ ní kí n ta ilé." Ó fọnkun. "Kò sẹ́ni tó máa rántí ìyẹn náà."

"Èmi á rántí, mà," ni Wiebke wí. "Mo ti rí àwọn pákó tí ẹ kàn mọ́ òrùlé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, ọdún 1979. Ìṣó yín wọ́, àmọ́ wọ́n dì mú."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi òòlù gbá ìka," ni ìyá náà wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyáàfin Adelgunde jáde tòun ti fìlà tó dojú kọ apá kan, ó wo Wiebke láti orí dé ẹsẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì jẹ́ kí ó mú òun sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn àlejò. Ó dúró níwájú òkúta tí wọ́n gbẹ́ "1309" sí, kò sì wo ìwé ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀.

"Ọdún tó wà lára òkúta yìí kì í ṣe òótọ́," ló wí. "Ilé ìṣọ́ yìí kò pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún. Opó kan tó ń jẹ́ Jutta ló kọ́ ọ, lọ́dún 1547. Ẹni tó bá wá nítorí Gerd Apá-Irin lè máa lọ sílé. Ẹni tó bá wá nítorí oúnjẹ, ẹ jókòó."

Bíṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ jókòó.

Ọ̀rọ̀ Wiebke àti Levin ṣì kù. Wiebke ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí Levin wọlé.

"Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni Levin wí. "Mi ò ní àwáwí. Mẹ́ta ni mo jẹ lóòótọ́."

"Ta ló ti ilẹ̀kùn omi pa?"

"Èmi ni."

"Ṣáájú òní?"

"Ọjọ́ kẹrin tó o lọ."

Wiebke gbé ayùn sílẹ̀. "Änne ti fi lẹ́tà sọ fún mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá fúnra ẹ sọ ọ́ ni." Ó wá dì mọ́ ọn, erùpẹ̀ igi sì kùn ún ní kóòtù ayẹyẹ.

Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n fi pààrọ̀ àwọn òpó tó ti jẹrà. Àárín ẹrẹ̀ yẹn ni Levin ti kúnlẹ̀ lóṣù Kejì láti bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Orúnkún rẹ̀ sì rì, ó ń rì lọ.

"Kí lo wí?" ni Levin ń bèèrè. "Wiebke, kíá, mò ń lọ."

"Mo gbà. Na ọwọ́ ẹ wá."

Oṣù Karùn-ún ni ìgbéyàwó. Àwọn aládùúgbò fi ewé àti òdòdó bébà hun ẹnu ọ̀nà yí po, baba Wiebke sì wá láti Emden, ó yẹ afárá wò, ó tún irin ìgbọ́wọ́lé ṣe kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò wa, tọkọtaya kì í ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ sídìí oúnjẹ tààrà. Ìtì igi kan ni wọ́n á kọ́kọ́ jọ fi ayùn ọlọ́wọ́ méjì rẹ́, níṣojú gbogbo èèyàn. Levin ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi gbogbo agbára ti ayùn náà. Ayùn tẹ̀, ó há. Àwọn onífèrè rẹ́rìn-ín títí fèrè fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan.

"Má tì í," ni Wiebke wí fún un wúyẹ́wúyẹ́ láti òdìkejì igi. "A kì í ti ayùn yìí. Tó bá kàn ẹ́, fà á. Tó bá kàn mí, jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Kí n kàn jọ̀wọ́ ẹ̀?"

"Dì í mú. Àmọ́ má jà."

Levin fà. Wiebke fà. Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìyáàfin Adelgunde, tó jókòó síwájú, ń kà á lẹ́nu pé, "Tìẹ. Ti ọmọ mi. Tìẹ. Ti ọmọ mi," kò sì sí ẹni tó mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń pè ní ọmọ, títí igi náà fi já sí méjì, tó bọ́ sínú koríko.